Ṣẹ́ẹ̀fù Victorin àti Ọmọbìnrin Tó Lọ Kọ́ Ọ̀rọ̀ Sísọ

Bí ènìyàn bá pẹ́ ní Paris, ó lè gbàgbé orúkọ àdúgbò rẹ̀. Bó bá pẹ́ gan-an, ó lè gbàgbé bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ jẹun. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́sàn-án péré ni Monsieur Victorin Ifátóyè lò níbẹ̀, gbogbo Yorùbá tó ti ń sọ fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n sì pòórá lẹ́nu rẹ̀ pátápátá. Nígbà tó padà dé, ìyá rẹ̀ kí i pé, "Victorin, ṣé àlàáfíà lo dé?" Ńṣe ló yíjú sí ẹni tó dúró tì í, ó ní, "Qu'est-ce qu'elle dit?", pé kí ni obìnrin yìí ń wí Ìyá náà rò pé àìsàn ni. Ó se àgbo fún un.

Kì í ṣe àìsàn, ẹ̀yin èèyàn mi. Ipò ni. Ìjọba Dàhòmì kò tíì lo ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn tí àwọn Faransé gbé àsíá wọn lọ, ó ń wá àwọn ọ̀mọ̀wé tí yóò fi dípò wọn, ó sì fi Victorin jẹ aláṣẹ lórí Ifangni àti àwọn abúlé rẹ̀. Chef ni oyè náà lédè Faransé. Ṣẹ́ẹ̀fù ni àwọn ará Ifangni ń pè é. Òun fúnra rẹ̀ kò fẹ́ràn Ṣẹ́ẹ̀fù. Ó ní ó kúrú jù.

Ẹni tó bá fẹ́ wọ bùró rẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kó tẹrí ba, kó sì sọ lédè Faransé pé: "Excellence, ìmọ́lẹ̀ Ifangni, baba àwọn ọ̀pẹ!" Àwọn àgbẹ̀ tí kò gbọ́ Faransé há a sórí bí àdúrà. Àgbàlagbà kan láti Ko-Koumolou gbàgbé apá ìparí, ó pè é ní baba àwọn ẹtu, wọ́n ní kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Òfin kejì wà lára pátákó lókè ilẹ̀kùn: ìròyìn ayọ̀ nìkan ló lè wọlé. Cyprien, ìránṣẹ́ bùró tó ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ló ń ṣọ́ òfin náà. Bí o bá dé, yóò wò ọ́ látòkè délẹ̀, yóò ní, "Rere ni àbí búburú?" Bó bá jẹ́ búburú, ilé lò ń lọ. Nígbà tí ìjì ṣí òrùlé ilé ẹ̀kọ́ lọ, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà rò ó títí, ó wá wọlé, ó ní, "Excellence, afẹ́fẹ́ ti pọ̀ sí i nínú àwọn kíláàsì wa." Ṣẹ́ẹ̀fù bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ránṣẹ́ sí ìjọba ní Àjàṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára àwọn iṣẹ́ ribiribi tí òun ti ṣe.

Báyìí ni nǹkan rí nígbà tí Thérèse Ọ̀ṣuntóyè dé láti Dakar.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni Thérèse. Bàbá rẹ̀ ní oko ọ̀pẹ lẹ́yìn ìlú. Scholastique, ìyá rẹ̀, ń yan gàrí. Ọdún mẹ́ta ló fi wà ní yunifásítì, ó sì gba ìwé ẹ̀rí tó ní òǹtẹ̀ pupa. Ní alẹ́ tó dé, gbogbo ẹbí pé jọ, bàbá rẹ̀ gbé ìwé náà sún mọ́ àtùpà.

"Ó dára," bàbá wí. "Kí ni wọ́n kọ́ ẹ gan-an?"

"Bàbá, wọ́n kọ́ wa bí ọ̀rọ̀ ṣe ń kúrò lẹ́nu ẹnì kan dé etí ẹlòmíràn. Ohun tó ń sọnù lójú ọ̀nà. Ìdí tí èèyàn méjì fi lè gbọ́ gbólóhùn kan náà, tí ohun tí kálukú wọn mú relé á sì yàtọ̀."

Bàbá gbé ìwé náà sílẹ̀. "Ọmọ Ifátóòkí aládùúgbò wa ń kọ́ iṣẹ́ dókítà. Ọmọ àbúrò mi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe afárá. Ìwọ, ọ̀rọ̀ sísọ. Thérèse, láti ọmọ ọdún kan ààbọ̀ lo ti ń sọ̀rọ̀! Ìyá rẹ ló kọ́ ẹ, kò sì lu òǹtẹ̀ kankan."

"Mo sì kọ́ ọ dáadáa," Scholastique wí láti ìdí ààrò.

Thérèse rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sùn dáadáa lóru yẹn. Ohun tí bàbá rẹ̀ sọ ni òun náà ti ń bi ara rẹ̀ láti Dakar: ta ni yóò gbà á síṣẹ́ nítorí pé ó mọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ara wọn yé?

Àjàṣẹ́ ló dá a lóhùn. Wọ́n kọ lẹ́tà pé kó lọ ṣiṣẹ́ ní bùró Ṣẹ́ẹ̀fù Ifangni. Ó tẹrí ba lẹ́nu ọ̀nà, ó pe ìmọ́lẹ̀, ó pe baba àwọn ọ̀pẹ, wọ́n jẹ́ kó wọlé. Faransé ni Ṣẹ́ẹ̀fù fi dá a lóhùn, ó sì ń fi ìka gbá ìwé ẹ̀rí náà bí ẹni tó ń wò ó bóyá àgbọn ti gbó.

"La communication humaine," ó kà á jáde, pé ìbánisọ̀rọ̀ ọmọ ènìyàn. "Mademoiselle, ayékòótọ́ pàápàá ń sọ̀rọ̀. Yunifásítì wo ló lọ?"

Cyprien rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà, nítorí pé ẹ̀rín wà lára iṣẹ́ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Excellence," Thérèse wí, "kì í ṣe sísọ nìkan. Gbígbọ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀."

"Gbígbọ́? Bon! Mo ní iṣẹ́ fún etí rẹ. Nígbàkígbà tí mo bá ń bá aráàlú sọ̀rọ̀, ìwọ yóò jókòó lápá ọ̀tún mi pẹ̀lú ìwé, ìwọ yóò sì máa ka iye ìgbà tí wọ́n pàtẹ́wọ́. Kí o kọ èyí tó lágbára lọ́tọ̀, kí o kọ èyí tó rọ̀ lọ́tọ̀."

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Oṣù mẹ́rin gbáko ni ọmọ Ọ̀ṣuntóyè fi ka àtẹ́wọ́. Ohun kan ṣoṣo tó rí kọ́ níbẹ̀ ni pé àwọn èèyàn kì í pàtẹ́wọ́ nítorí ọ̀rọ̀; ìgbà tí Cyprien bá gbé fìlà sókè ni wọ́n ń pa á.

Lóṣù karùn-ún, lẹ́tà kan dé láti Àjàṣẹ́. Ilẹ̀ gbígbóná, àìsàn tí àwọn àgbà kì í fẹ́ pe orúkọ rẹ̀, ti yọjú ní abúlé méjì tí kò jìnnà. Dókítà kan ń bọ̀ pẹ̀lú àwọn nọ́ọ̀sì láti bùpá fún gbogbo èèyàn ní ọjọ́ ọjà Ifangni tó ń bọ̀. Kí Ṣẹ́ẹ̀fù jọ̀ọ́ kó sọ fún aráàlú kí wọ́n jáde, pàápàá àwọn ọmọdé. Kí ó sì sọ fún wọn pé kì í ṣe ọ̀bẹ tàbí abẹ́rẹ́ ni wọn yóò lò, ẹ̀rọ tuntun kan ni, tó ń tu oògùn sábẹ́ awọ kíá. Nítorí ìrísí rẹ̀, pistolet, ìbọn ìléwọ́, ni àwọn dókítà ń pè é.

Thérèse ka lẹ́tà náà tán, inú rẹ̀ dùn. Iṣẹ́ tó kọ́ rèé!

"Excellence, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ lọ sí Lagbé àti Ko-Koumolou. Kí n bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n mọ̀ nípa bùpá àti ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù, kí a tó mọ ohun tí a máa sọ."

Ṣẹ́ẹ̀fù wò ó pẹ̀lú àánú. "Bi wọ́n? Mademoiselle, a kì í bi aráàlú ní nǹkan. A máa ń kéde fún wọn."

Ó sì kéde. Lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n kó gbogbo ìlú jọ sí pápá ọjà, àwọn tó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé àti àwọn tó kírun ní mọ́ṣáláṣí, gbogbo wọn nínú oòrùn kan náà. Faransé ni Ṣẹ́ẹ̀fù fi sọ̀rọ̀, fún wákàtí méjì ààbọ̀. Yẹ̀kínì ló ń túmọ̀ rẹ̀. Aránṣọ ni Yẹ̀kínì, ó ti ṣe agbọ́únjẹ nínú iṣẹ́ ológun fún ọdún méjì, ibẹ̀ ló ti gbọ́ Faransé. Bó bá kan àlùbọ́sà, ìkòkò àti ìbọn, kò sẹ́ni tó lè fi Faransé gbá a mú. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ń gbìyànjú.

"Bí oòrùn ti ń yọ láti fi wúrà rẹ̀ wẹ orí àwọn òkè," Ṣẹ́ẹ̀fù wí, "bẹ́ẹ̀ ni èmi, Victorin, ń yọ lórí Ifangni!"

"Ó ní oòrùn mú," Yẹ̀kínì wí.

Cyprien gbé fìlà. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Thérèse kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà tó ku díẹ̀ kó parí, Ṣẹ́ẹ̀fù rántí lẹ́tà náà. Ó na ìka sókè ọ̀run. "Ọ̀tá tí a kò fojú rí ti dé ẹnu ibodè! Ṣùgbọ́n mo ti pe ogun ìmọ̀ ìjìnlẹ̀! Lọ́jọ́ ọjà, olúkúlùkù ọmọ orílẹ̀-èdè yóò dúró níwájú pistolet, yóò sì gbà á sápá! Ọkùnrin, obìnrin, ọmọ ọwọ́! Ẹnikẹ́ni kò ní bọ́!"

Yẹ̀kínì nu òógùn ojú rẹ̀. Ó bi í wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Excellence... pistolet?"

"Pistolet!"

Yẹ̀kínì kọjú sí àwọn èèyàn rẹ̀. "Ó ní ogun ń bọ̀ lọ́jọ́ ọjà. Ó ní wọ́n á yìnbọn fún gbogbo wa. Ní apá. Tọmọdé tàgbà. Ó ní kò sẹ́ni tó máa bọ́."

Ẹ dúró níbí kí ẹ wo Ṣẹ́ẹ̀fù dáadáa, nítorí Thérèse ń wò ó. Ẹnu rẹ̀ là. Ojú rẹ̀ ràn. Ìka tó nà sókè bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ti gbọ́! Gbogbo rẹ̀ ló gbọ́, bí ẹni tí ìyá rẹ̀ bí ní ilẹ̀ Yorùbá ṣe ń gbọ́ ọ. Bó bá la ẹnu sọ pé, "Yẹ̀kínì, kì í ṣe ìbọn," ọ̀rọ̀ parí. Ṣùgbọ́n ìlú á mọ̀ pé ó gbọ́, ibo ni Paris á wá wà? Ó wú ikọ́. Ó pa ẹnu dé. Ó sì fi orí dáhùn pé, bẹ́ẹ̀ ni.

Cyprien gbé fìlà lẹ́ẹ̀mẹta. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́.

Thérèse fò dìde. "Ẹ dúró ná! Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe..." Ṣùgbọ́n Ṣẹ́ẹ̀fù ti fọwọ́ sí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, wọ́n bú sórin orílẹ̀-èdè, nítorí pé ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀ lẹ́yìn Excellence. Kí orin tó parí, ìdajì pápá ti ṣófo.

Ó sáré lọ sí bùró. Cyprien jókòó lẹ́nu ọ̀nà.

"Rere ni àbí búburú?"

"Búburú ni, Cyprien! Ìwọ náà gbọ́ ohun tí Yẹ̀kínì sọ."

"Mo gbọ́. Mo ti ní kí ìyàwó mi di ẹrù. Ṣùgbọ́n òfin ni òfin, mademoiselle, ìròyìn búburú kò lè wọlé."

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí ọjọ́ ọjà pé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Thérèse gbé kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ̀, ó forí lé Lagbé. Ilé tó yà sí kò níye, bó ti ń ṣàlàyé ni wọ́n ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò ó. "Ìwọ kọ́ lo máa ń ka àtẹ́wọ́ fún Ṣẹ́ẹ̀fù?" wọ́n á ní. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ọ̀sán pọ́n, ọ̀fun rẹ̀ gbẹ, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ìyá àgbà kan tó ń jẹ́ Ràbíátù, tó ń so agbada gàrí mọ́ ẹrù tó fẹ́ gbé sá lọ. Àpá ilẹ̀ gbígbóná kún ojú ìyá náà.

Thérèse kò ṣàlàyé mọ́. Ó ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ gbọ́? Kí ló ń bà yín lẹ́rù?"

Ràbíátù fi ẹrù sílẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ títí òjìji ilé fi bo ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì. Ó sọ nípa ọdún tí àìsàn náà gba abúlé, tó mú ọmọ rẹ̀ méjì lọ nínú ọ̀sẹ̀ kan, tó sì fi òun sílẹ̀. "A ò bẹ̀rù oògùn," ó wí. "Èmi ni màá kọ́kọ́ na apá. Tí ẹ bá ní ẹ ó fi abẹ ya ara ọmọ ọmọ mi, màá dì í mú fún yín. Ṣùgbọ́n ìbọn? Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ rẹ tutù létí mi, mo sì rí i pé o ní àánú. Àmọ́ ọ̀rọ̀ lásán ni. Ohun tí ojú mi ò rí, n ò lè gbé ọmọ ọmọ mi síwájú rẹ̀."

Bí Thérèse ti ń gun kẹ̀kẹ́ padà, ó mọ̀ pé òun ti rí ìdáhùn. Àlàyé kọ́ ló ń wọ́n wọn. Wọ́n fẹ́ rí i lára ẹnì kan.

Ọjọ́ ọjà pé. Dókítà Léontine, obìnrin Kétu tí kì í fi àkókò ṣòfò, wọ Ifangni pẹ̀lú nọ́ọ̀sì mẹ́rin àti àpótí oògùn nínú ọkọ̀ ìjọba. Alángbá mẹ́ta ló wà lọ́jà. Yẹ̀kínì ti lọ. Cyprien ti lọ. Ṣẹ́ẹ̀fù àti Thérèse nìkan ló kù lórí pèpéle, Ṣẹ́ẹ̀fù nínú aṣọ funfun, pẹ̀lú bébà mẹ́rìndínlógún lọ́wọ́.

"Àwọn èèyàn dà?" dókítà béèrè lédè Faransé.

"Ayọ̀ ti rẹ̀ wọ́n, docteur. Wọ́n ń sinmi." Ó sì ṣí bébà àkọ́kọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.

Dókítà jẹ́ kó ka ojú ìwé kan. "Monsieur, ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ìtàn, docteur. Ìtàn ń gbọ́."

Dókítà kò bá Ìtàn jókòó. Ó yíjú sí ọmọbìnrin tó mú ìwé òfìfo dání lápá ọ̀tún Ṣẹ́ẹ̀fù. "Ìwọ ńkọ́, ṣé o mọ ibi tí wọ́n wà?"

"Mo mọ̀ ọ́n, mà," Thérèse wí. "Ẹ jẹ́ ká gbé ẹ̀rọ náà lọ bá wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká mú Excellence dání."

Ìgòlò ni wọ́n ti bá wọn, lẹ́nu ibodè, gbogbo ìlú pẹ̀lú ẹní, ìkòkò, adìyẹ àti ọmọ lẹ́yìn. Ẹsẹ̀ kan wà ní Dàhòmì, ẹsẹ̀ kejì wà ní Nàìjíríà. Bí wọ́n ti rí ọkọ̀ ìjọba, ẹsẹ̀ kejì náà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ síwájú. Thérèse bọ́ sílẹ̀ ní òun nìkan.

"Ẹ kú ìdúró o. N ò wá kéde nǹkan kan. Mo wá béèrè ni. Kí lẹ fẹ́ rí, kí ọkàn yín tó balẹ̀?"

Wọ́n wo ara wọn. Láti ìgbà tí Ṣẹ́ẹ̀fù ti dé, kò sẹ́ni tó bi wọ́n ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ràbíátù ló jáde síwájú.

"Ẹni tó ní kí wọ́n yìnbọn fún wa, kí wọ́n kọ́kọ́ yìn ín fún òun."

"Bẹ́ẹ̀ ni!" gbogbo ibodè dáhùn.

Thérèse yíjú sí Ṣẹ́ẹ̀fù. Níwọ̀n bí Excellence kò ti gbọ́ Yorùbá, ó túmọ̀ rẹ̀ fún un lédè Faransé ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú gbogbo ọ̀wọ̀.

"Kò ṣeé ṣe," Ṣẹ́ẹ̀fù wí. "Awọ ara mi, awọ ara Orílẹ̀-èdè ni."

"Nígbà náà, ẹ jẹ́ kí Orílẹ̀-èdè ká apá aṣọ sókè," dókítà wí.

Nọ́ọ̀sì gbé ẹ̀rọ náà jáde. Irin dídán ni, ó ní ọrùn, ó ní ìdí, ó sì jọ ìbọn lóòótọ́. Ṣẹ́ẹ̀fù wò ó. Ó fi ẹ̀yìn rìn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ọkọ̀. Bí irin tútù náà ti kan apá rẹ̀, gbogbo oṣù mẹ́sàn-án Paris bọ́ sílẹ̀ lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Yéè! Ìyá mi o! Ẹ gbà mí o! Ẹ ò rí i pé wọ́n fẹ́ pa mí ni? Ẹ̀yin ará ilé mi, ẹ gbà mí!"

Ẹ̀rọ náà dún ṣíì. Ṣẹ́ẹ̀fù la ojú kan.

"Ó ti tán?" ó béèrè, ní Yorùbá.

"Ó ti tán, ọmọ mi," Ràbíátù dá a lóhùn.

Ẹ̀rín tó bẹ́ nígbà náà, àwọn aṣọ́bodè Nàìjíríà sáré jáde wá wò ó. Àwọn kan jókòó sílẹ̀. Yẹ̀kínì di ikùn mú, ó ń sọ pé, "Ó gbọ́ ọ! Ó gbọ́ ọ! Látọjọ́ tí mo ti ń làágùn níwájú rẹ̀!"

Dókítà Léontine kò rẹ́rìn-ín. Ó sún mọ́ ọn, ó sì fi Yorùbá Kétu rọra bi í pé, "Monsieur Ifátóyè, ṣé lóòótọ́ lẹ gbọ́ Yorùbá?"

"Non," Ṣẹ́ẹ̀fù dáhùn kíá, kí ẹnikẹ́ni tó túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún un.

Ràbíátù ni ẹni kejì tó na apá, ọmọ ọmọ rẹ̀ ni ẹ̀kẹta. Títí oòrùn fi rọ̀ ni ìlà náà fi gùn, àwọn ará òdì kejì ibodè pàápàá kó ọmọ wọn wá, dókítà kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè ìlú tó ti wá. Àìsàn náà kò wọ Lagbé lọ́dún yẹn. Kò wọ Ko-Koumolou.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́tà kan dé bùró. Wọ́n gbé Monsieur Victorin lọ sí yàrá kan ní Àjàṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń kó àwọn ìwé àtijọ́ pamọ́, òun nìkan níbẹ̀, pẹ̀lú eruku. Wọ́n ní ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ kí ìyá rẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé, pé wọ́n jọ máa ń sọ̀rọ̀ títí ìyá náà fi máa ní kó jẹ́ kí òun sùn. Bó bá jẹ́ òótọ́, inú mi dùn sí i.

Thérèse ni Dókítà Léontine mú lọ. Ó sọ fún àwọn ọ̀gá rẹ̀ pé oògùn pọ̀ lọ́wọ́ òun, ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń bi èèyàn léèrè nǹkan ló ṣọ̀wọ́n, pé òun kò ní wọ abúlé kankan mọ́ láìjẹ́ pé ọmọbìnrin yìí ti ṣáájú òun débẹ̀. Wọ́n fún un ní owó oṣù, wọ́n fún un ní mobilẹ́ẹ̀tì, alùpùpù kékeré kan. Láti Pọbẹ̀ dé Ṣábẹ̀, obìnrin tó bá bọ́ sílẹ̀ lórí mobilẹ́ẹ̀tì, tó jókòó tì yín, tí kò sọ nǹkan kan fún wákàtí kan, òun ni.

Ta ló wá gbéraga? Bàbá rẹ̀ ni. Àwọn èèyàn ń mú ọmọ wọn wá bá a láti Ko-Koumolou kó gbà wọ́n nímọ̀ràn lórí ẹ̀kọ́ tó dára, ó sì ti ra àga tuntun sí ìta fún iṣẹ́ náà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ń ṣàlàyé fún bàbá ọlọ́mọ méjì kan láti ìdí bí Ọlọ́run ṣe dá etí. Yẹ̀kínì ń kọjá lọ lẹ́yìn ilé, ó sáré yọjú.

"Bàbá Thérèse, ẹ jọ̀ọ́..."

"Dúró ná, Yẹ̀kínì. Bí mo ti ń wí, etí méjì ni Ọlọ́run fún wa..."

"Bàbá, àwọn ewúrẹ́..."

"Ṣé o rí i? Àìgbọ́ra-ẹni-yé nìyí! Bí ẹnì kan bá ń sọ̀rọ̀, ẹnì kejì á dákẹ́. Ohun tí ọmọ mi kọ́ ní Dakar nìyẹn, donc, nítorí náà, ẹ fetí sílẹ̀..."

Nígbà tó fi sọ̀rọ̀ títí oòrùn fi yí, Scholastique ń kígbe lẹ́yìnkùlé, igi ìdáná ń fò. Ewúrẹ́ márùn-ún ló gba ẹ̀gbẹ́ ilé jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ikùn tó tó ìlù. Bàbá dìde lórí àga, ó lọ wo ẹní tí wọ́n sá ẹ̀gẹ́ sí lẹ́yìnkùlé láàárọ̀. Ẹní nìkan ló kù.

"Háà!" ó pariwo. "Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi?"